Aago Ọwọ́ Tí Agbára Wa Ká

Ọ̀rọ̀ kòkó, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ èrè ọdọọdún ni a sábà máa ń kọ sí ojú ewé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ aago ọwọ́ ni a gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ fàájì ni. Owó ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, orúkọ onígbọ̀wọ́ méjì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Awo, nítòsí Ẹdẹ, ọmọ ẹgbẹ́ kan kọ ìwé pé òun fẹ́ yá 450,000 náírà. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí yóò fi owó náà ṣe, ó kọ ọ́ gbangba pé aago ọwọ́ ni òun fẹ́ rà. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Alága ní kí wọ́n dákẹ́, ó sì tọ̀nà. Ọkùnrin náà kò jẹ ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí ó ti ń dá owó rẹ̀ lóṣooṣù láìyẹ̀, iye tí ó sì béèrè kò tó ìlọ́po méjì ohun tí ó ti fi pamọ́. Òfin ẹgbẹ́ kò ní kí ènìyàn má ra ohun tó wù ú.

Olùkọ́ ni ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí, òun ló sì ń bójú tó eré sísá ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ní ọmọ òun obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, òun kò sì fẹ́ na ọwọ́ òfìfo sí àwọn àna. Ó tún ní òun nílò aago tí òun lè fi ka ìṣẹ́jú àáyá fún àwọn ọmọ tí ń sáré. Ó ti rí irú aago náà lọ́wọ́ àlejò kan níbi ìkómọ ní Òṣogbo. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹnì kan sọ fún un pé òun ní ọ̀kan láti tà, pé Rolex Daytona ni, ojúlówó, tòkunbọ̀, 450,000 náírà géérégé.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pín sí méjì. Àwọn kan ní kí wọ́n fún un, nítorí owó rẹ̀ ni. Ìyá elépo kan tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà béèrè pé bí aago náà bá kú ní oṣù kejì, ta ni yóò san ti oṣù kẹta? Ìbéèrè yìí ló jẹ́ kí wọ́n dá ìwé náà dúró, wọ́n sì ní kí àwa tí ń kọ ìwé ìròyìn lọ wádìí ọ̀rọ̀ aago wá. A lọ, a sì rí ohun púpọ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní chronograph?

Aago lásán ń sọ fún ni pé aago mélòó ló lù. Aago chronograph ń ṣe èyí, ó sì tún lè ka iye àkókò tí nǹkan kan gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bọ́tìnì méjì ló máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kókó tí a fi ń wáìn aago sì wà láàárín wọn. Bí a bá tẹ ti òkè, ọwọ́ gígùn tín-ínrín kan tó wà láàárín ojú aago yóò gbéra. Bí a bá tún un tẹ̀, yóò dúró. Bí a bá tẹ ti ìsàlẹ̀, yóò padà sí orí 12. Àwọn ojú kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta tó wà nínú ojú ńlá ló ń bá wa ka iye ìṣẹ́jú tí ọwọ́ gígùn náà ti yí ká, òmíràn nínú wọn sì ń ka wákàtí.

Lára púpọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí nọ́ńbà tí wọ́n kọ yí etí aago ká: 60, 80, 100, 120, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Eré tí ọkọ̀ ń sá ni wọ́n fi ń wọ̀n. Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ níbi tí òpó kìlómítà ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ tẹ bọ́tìnì ní òpó kìíní, ẹ tún un tẹ̀ ní òpó kejì. Nọ́ńbà tí ọwọ́ gígùn bá dúró sí ni iye kìlómítà tí ọkọ̀ náà yóò sá ní wákàtí kan. Ìṣirò rẹ̀ kò le: wákàtí kan jẹ́ 3,600 ìṣẹ́jú àáyá, èyí ni a ó pín sí iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó gbà wá. Bí ó bá gbà wá ní 45, a jẹ́ pé 80 ni. Ọ̀kan nínú wa dán an wò nínú ọkọ̀ èrò. Ìṣẹ́jú àáyá 36 ni ó rí, ìyẹn ni pé 100 ni awakọ̀ ń sá. Ó sọ fún awakọ̀. Awakọ̀ kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì náà mọ ìwúlò irú aago yìí. Wọn a ka bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú àáyá 15, wọn a sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Olùkọ́ eré sísá kò ní ṣe aláìnílò rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ẹgbẹ́ wa kò purọ́ nígbà tí ó ní òun ní iṣẹ́ tí òun fẹ́ fi í ṣe.

Ohun kan wà tí ó máa ń da ènìyàn láàmú. Chronograph yàtọ̀ sí chronometer. Èkejì yìí ni aago tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní ilé àyẹ̀wò, tí wọ́n sì jẹ́rìí sí pé ó ń pe àkókò bó ṣe yẹ. Àwọn òǹtajà ń fi ọ̀kan pe èkejì, bóyá nítorí wọn kò mọ̀, bóyá nítorí wọ́n mọ̀.

Kí ló dé tí Daytona fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Hans Wilsdorf, ọkùnrin kan tí a bí ní Jámánì, àti Alfred Davis ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ tó wá di Rolex sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1905. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó kó lọ sí Geneva ní Swítsàlandì. Ní 1963 ni wọ́n gbé aago Cosmograph yìí jáde, wọ́n sì fi Daytona pè é nítorí ìlú kan tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré ìje. Àwọn asárérìn wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣe é fún.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, kò tà. Àwọn oníṣòwò ní í nínú gíláàsì wọn fún ìgbà pípẹ́. Ohun kejì tó yà wá lẹ́nu ni pé fún ọdún tó lé ní 35, ẹ̀rọ inú rẹ̀ kì í ṣe ti Rolex gan-an. Ilé iṣẹ́ Valjoux ló ń ṣe ẹ̀rọ ti àkọ́kọ́, tí a máa ń fi ọwọ́ wáìn. Ní 1988, wọ́n mú ẹ̀rọ Zenith, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi sínú rẹ̀. Ní 2000 ni Rolex tó fi ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe sí i.

Kí ni ó wá sọ aago tí kò tà di ohun tí àwọn olówó ń tò fún? Rolex kò ṣe é tó iye ènìyàn tí ń wá a, ẹni tí ó bá sì rí i rà lónìí lè tà á ní ọ̀la ju iye tí ó rà á lọ. Òkìkí àwọn tó wọ̀ ọ́ sì tún fi kún un. Paul Newman, òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà tó tún jẹ́ asáré ọkọ̀, ní ọ̀kan tí ìyàwó rẹ̀, Joanne Woodward, fún un. Ní oṣù kẹwàá 2017, wọ́n fi aago kan ṣoṣo yẹn lu gbàǹjo ní New York, ó sì wọ iye tó lé ní mílíọ̀nù 17 dọ́là. Irin ni wọ́n fi ṣe é o, kì í ṣe wúrà. Ọwọ́ ẹni tí ó wà ni wọ́n rà.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò. Ní 2023, nígbà tí Rolex gbé Daytona onírin tuntun jáde, iye rẹ̀ ní ilé ìtajà tiwọn ní Amẹ́ríkà lé ní 15,000 dọ́là. Bí a bá ní kí dọ́là kan jẹ́ 1,500 náírà, èyí tí ó sún mọ́ bí ó ti rí ní 2024, mílíọ̀nù 22 àti ààbọ̀ náírà nìyẹn. Àwọn tí ń tún un tà lọ́jà ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ wa, 450,000 náírà ni wọ́n pè fún un. Kò tó ìdá ogójì. Ta ni yóò gbé màlúù wá sọ́jà, tí yóò sì tà á ní owó adìyẹ, láìjẹ́ pé ó jí i tàbí pé kì í ṣe màlúù?

Àwọn àgbà tó wà láàárín wa ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú lójú jù. Wọ́n rántí owó Údójì. Ní 1975, nígbà tí ìjọba san àjẹmọ́nú owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Jerome Udoji dábàá, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ra alùpùpù, wọ́n fi ra ẹ̀rọ tó ń kọrin, wọ́n sì fi ra aago ọwọ́ Seiko àti Citizen láìyáwó. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù kẹsàn-án 1986 ni nǹkan ti ń yí, èyí tí wọ́n sì tún ṣe ní oṣù kẹfà 2023 tún fi kún un. Bàbá tí ó bá ń fi owó aago ti 1975 díwọ̀n ti ìsinsìnyí, kò ní mọ ìgbà tí wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ.

A lọ wo aago náà

Ọ̀kan nínú wa bá olùkọ́ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ ta aago. Aago náà dára lójú, a kò ní purọ́. Ó ń dán, ó wúwo, wọ́n sì kọ Rolex sí i lójú àti lẹ́yìn.

A kọ́kọ́ wo ọwọ́ gígùn tó wà láàárín. Ó ń lọ, kò dúró. Nínú Daytona tòótọ́, ọwọ́ gígùn náà máa ń dúró sí orí 12 ni, kò ní gbéra àyàfi bí a bá tẹ bọ́tìnì. Ọwọ́ kékeré kan nínú ojú kékeré ló ń ka ìṣẹ́jú àáyá ojoojúmọ́, nínú àwọn tí wọ́n ṣe láti 2000, ojú kékeré tó wà lápá ìsàlẹ̀, lókè 6, ni. Lẹ́yìn èyí, a tẹ bọ́tìnì òkè. Ọwọ́ gígùn kò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ tó wà nínú ojú kékeré kan ló fò. A tún un tẹ̀, ó tún fò. Nígbà tí a wò ó dáadáa, ọjọ́ inú oṣù ló ń kà! Ojú kékeré kejì ń ka ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ẹ̀kẹta ń ka wákàtí 24. Ìyẹn ni pé aago náà kì í ṣe chronograph rárá. Kò lè ka ìṣẹ́jú àáyá eré ọmọ kan ṣoṣo. Wọ́n kàn ya ojú mẹ́ta sí i ni.

Olùkọ́ wa kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

A ní láti sọ òtítọ́ kan nípa àyẹ̀wò yìí. Ayédèrú ti pọ̀ ní oríṣiríṣi, àwọn kan sì wà tí yóò ṣe gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí láìkù síbì kan. Bọ́tìnì wọn yóò ṣeé yí mọ́ra bíi ti ojúlówó, ọwọ́ gígùn yóò dúró sí orí 12, nọ́ńbà yóò wà lára wọn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ni yóò ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó mọ̀. Nítorí náà, iye owó ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbà ní ẹlẹ́rìí, kí ẹ tó gba ti ojú.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ayédèrú àti aago tó fi ìrísí jọ òmíràn. Ilé iṣẹ́ kan tí ó ṣe aago tó jọ Daytona, tí ó sì kọ orúkọ ti ara rẹ̀ sí i, kò tan ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó kọ orúkọ Rolex sí ohun tí Rolex kò ṣe, olè ni, ẹni tí ó bá sì rà á kò ní ibi tí yóò ti gba owó rẹ̀ padà.

Aago olówó kékeré tó dé òfurufú

Kí olùkọ́ wa má bàa rò pé ìtìjú ni láti wọ aago tí kì í ṣe ti olówó, a sọ ìtàn kan fún un, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Gbogbo ayé mọ̀ pé aago Omega Speedmaster, tí ó jáde ní 1957, ni Buzz Aldrin wọ̀ nígbà tí òun àti Neil Armstrong rìn lórí òṣùpá ní oṣù keje 1969. Aago olówó ńlá ni, àwọn aláṣẹ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló sì yàn án. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá 1973, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Pogue lọ gbé inú ilé Skylab ní òfurufú fún ọjọ́ 84. Ó ní Seiko kan tí ó fi ara rẹ̀ rà ní owó tí kò tó 100 dọ́là, tí ó ti fi ń ṣe ìdánrawò nílẹ̀. Ó fi sínú àpò, ó gbé e lọ láìgba àṣẹ. Òun ló sì fi ń ka àkókò tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi iná sí ẹ̀rọ ọkọ̀ wọn. Seiko náà ṣiṣẹ́ lọ, ó ṣiṣẹ́ bọ̀. Títí di òní, àwọn tó fẹ́ràn aago ń fi orúkọ Pogue pe irú Seiko yẹn.

Ẹ̀rọ tó wà nínú Seiko náà, èyí tí wọ́n fi nọ́ńbà 6139 pè, jáde ní 1969, ó sì wà lára àwọn chronograph àkọ́kọ́ ní ayé tí ń wáìn ara wọn bí ọwọ́ bá ṣe ń mì. A rí lára wọn ní tòkunbọ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ aago má ṣe rà á nísinsìnyí, nítorí ó ti dàgbà, ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣòro láti rí, wọ́n sì ti kun ojú púpọ̀ nínú wọn ní ọ̀dà tuntun.

Èwo wá ni kí a rà?

Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà: ti wáìn, ti bátìrì, àti ti oòrùn. Ti bátìrì ni a fẹ́ kí púpọ̀ nínú yín rà. A mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú, nítorí wọ́n gbà pé aago bátìrì kì í ṣe aago gidi. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Òkúta kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní quartz. Bí iná bátìrì bá kàn án, yóò máa gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní dín, kò sì ní lé tó ohun tí ènìyàn lè fura sí. Ẹ̀rọ kékeré mìíràn yóò ka gbígbọ̀n náà, yóò sì sún ọwọ́ aago síwájú. Seiko ló kọ́kọ́ ta irú aago bẹ́ẹ̀ fún aráyé ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1969, owó rẹ̀ ní Jàpáánì nígbà náà sì tó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Lónìí, ó ti di ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè rà. Rolex fúnra rẹ̀ sọ pé aago òun lè fi ìṣẹ́jú àáyá méjì yára tàbí falẹ̀ lójúmọ́, èyí tí ó lè tó 60 ní oṣù kan. Aago bátìrì olówó kékeré sábà máa ń wà láàárín 15 sí 20 ní oṣù kan. Bí ó bá jẹ́ àkókò tó pé ni ẹ ń wá, ẹ kò ní lọ sí Geneva.

Ẹni tí ó fẹ́ kí aago òun jọ Daytona, tí ó sì fẹ́ kí ọwọ́ gígùn rẹ̀ máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti olówó ńlá, kí ó béèrè bóyá ẹ̀rọ Seiko VK63 ló wà nínú rẹ̀. Bátìrì ló ń gbé àkókò inú rẹ̀, ṣùgbọ́n apá tó ń ka eré jẹ́ irin, ọwọ́ gígùn rẹ̀ sì máa ń fò padà sí orí 12 lẹ́ẹ̀kan náà bí a bá tẹ bọ́tìnì. Ilé iṣẹ́ Pagani Design ti Ṣáínà ń fi ẹ̀rọ yìí sínú aago kan tó jọ Daytona gidigidi, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Owó rẹ̀ lókè òkun sábà máa ń wà ní àyíká 100 dọ́là tàbí kí ó dín. Àwọn kan kò fẹ́ ohun tó jọ ti ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Ojú tiwa náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Fún irú wọn, Casio ní àwọn onírin tí wọ́n ń pè ní Edifice, owó ọ̀pọ̀ wọn kò sì jìnnà sí ìyẹn.

Ti oòrùn ni ó wù wá jù, bí owó bá wà. Citizen ń pe tirẹ̀ ní Eco-Drive. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án lójú ni yóò sọ di agbára, kò sí bátìrì tí a óò máa pààrọ̀ lọ́dọọdún, oòrùn kò sì wọ́n wa ní Awo. Seiko náà ní Speedtimer onímọ́lẹ̀ oòrùn, èyí tí wọ́n fi SSC813 pè, tí àwọn ènìyàn ń pè ní àbúrò Daytona nítorí ojú funfun rẹ̀ àti ojú kéékèèké dúdú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jáde, owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700 dọ́là, ìyẹn ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan náírà. Ó dára, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù kan kì í ṣe owó kékeré, a kò sì ní torí pé Daytona wọ́n jù ú lọ kí a pè é ní pọ́ọ́kú.

Ti wáìn wà fún ẹni tó fẹ́ràn láti gbọ́ ìró irin. Sea-Gull ti Tianjin ní Ṣáínà ń ṣe ọ̀kan. Ní 1961 ni àwọn ará Ṣáínà ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe Venus 175 lọ́wọ́ àwọn ará Swítsàlandì, kí wọ́n lè ṣe aago fún àwọn awakọ̀ òfurufú ọmọ ogun wọn. Irú ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ṣì ń ṣe títí di òní, ó sì wà lára chronograph oníwáìn tí owó rẹ̀ kéré jù. Ìṣòro rẹ̀ ni àtúnṣe. Chronograph oníwáìn lè ní ẹ̀yà tó lé ní 200, ó sì yẹ kí wọ́n máa tú u palẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi epo sí i lẹ́yìn ọdún díẹ̀ díẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ kọ́kọ́ lọ bi ẹni tí ń tún aago ṣe ládùúgbò yín bóyá ó ti tú irú rẹ̀ rí. Bí ó bá ní òun yóò gbìyànjú, ẹ fi í sílẹ̀. Ti bátìrì kò ní wàhálà yìí, nítorí bí ẹ̀rọ inú rẹ̀ bá kú, wọ́n lè yọ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n fi tuntun sí i.

Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ nìkan ni, tí kì í ṣe ti òde, Casio F-91W tó ti wà láti 1989 yóò ka eré dé ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bátìrì rẹ̀ ń lò tó ọdún méje. Owó rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 dọ́là lọ. Rọ́bà ni, kò ní bá agbádá lọ, ṣùgbọ́n ó ń ka eré ní pípé ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn aago tí a dárúkọ lónìí lọ.

Omi, òógùn àti ìda wúrà

Wọ́n lè kọ 30 mítà sí ẹ̀yìn aago. Kò túmọ̀ sí pé ẹ lè wọ̀ ọ́ lọ sínú odò Ọ̀ṣun. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí òjò bá ta sí i, kò ní kú. 50 mítà sàn díẹ̀, 100 mítà ni a fi ọkàn tán. Èyí kan púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ń ṣe àlùwàlá nígbà márùn-ún lójúmọ́, tí wọn kì í bọ́ aago. Ohun tí ó sì máa ń pa chronograph jù lọ ni kí a tẹ bọ́tìnì rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ṣì tutù, nítorí ojú bọ́tìnì gan-an ni omi ń gbà wọlé.

Okùn awọ dára fún ìlú tó tutù. Níhìn-ín, òógùn yóò jẹ ẹ́ láàárín ọdún kan, yóò sì máa rùn. Ẹ ra onírin tàbí onírọ́bà. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọ̀ wúrà tàn yín. Ìda wúrà tí wọ́n fi bo irin lásán yóò ṣí ní ibi tí ọwọ́ ti ń ra mọ́ ọn, aago tí ó sì pupa ní àárín, tí ó funfun létí, kò bu iyì kún ẹnikẹ́ni níwájú àna.

Bí ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa ṣe parí

Nínú ẹgbẹ́ náà, èlé ẹ̀yáwó jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kan. Bí ó bá yá 450,000, 495,000 ni yóò san padà. Láàárín oṣù 15, 33,000 ni wọn yóò máa yọ nínú owó oṣù rẹ̀, bí kò bá sì san án, àwọn onígbọ̀wọ́ méjì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ opó tó ń ta aṣọ, ni ẹgbẹ́ yóò yíjú sí. Wọn yóò máa san gbèsè aago tí ń ka ọjọ́ inú oṣù.

Ó fa ìwé àkọ́kọ́ náà ya. Ó kọ òmíràn, 130,000 náírà, fún Casio onírin kan tí ó rí ní ilé ìtajà tí wọ́n ti fún un ní ìwé ẹ̀rí ọdún kan. Pẹ̀lú èlé, 143,000 ni. 13,000 ni yóò máa san fún oṣù 11. Ìyá elépo ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó, a wà níbẹ̀, a kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè irú aago tí ó jẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ni wọ́n fi ka eré 400 mítà ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó náà sì ti fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ yáwó ra ohun tòkunbọ̀ tí iye rẹ̀ lé ní 100,000 náírà yóò kọ́kọ́ gbé e wá kí ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ wò ó, kí akápò tó san owó. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó bá fẹ́ wo fọ́ọ̀mù náà lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé wọn ní ìpàdé àpapọ̀ tó ń bọ̀.